Bí Ẹṣin Tó Ń Ṣiṣẹ́ Kò Ṣe Ní Rù Nígbà Ẹ̀rùn àti Ọyẹ́

Oṣù kọkànlá ni wàhálà náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin tó ń dán, tí ìbàdí rẹ̀ kún nígbà òjò, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ egungun ìhà. Tó bá fi máa di oṣù kejì, gàárì tó ti ń bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu tẹ́lẹ̀ á máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, á máa ha á lára, egbò á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin máa ń sáré ṣe ni kí wọ́n tún bu ọkà bàbà lé ọkà bàbà. Ẹṣin á jẹ ẹ́ tán, á lá igbá, síbẹ̀ kò ní sanra. Àwọn míì á wó lulẹ̀ lóru, wọ́n á máa yí gbiri nítorí inú rírun.

Ọkà kọ́ ló kọ́kọ́ ń wọ́n ẹṣin lẹ́ẹ̀rùn. Koríko ni. Inú ìfun ńlá ẹṣin ni àwọn kòkòrò tójú ò lè rí ti ń sọ koríko di agbára àti ooru ara. Tí koríko ò bá tó, ibẹ̀ á ṣófo, kò sì sí iye ọkà tẹ́ ẹ lè dà síbẹ̀ tó máa dí àlàfo náà láìdá àìsàn sílẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ẹṣin Ìlọrin, Ọ̀yọ́, Ṣakí, Kíṣí àti Ìbàdàn ni mo ní lọ́kàn, àtàwọn tó ń gbé èèyàn kiri létíkun Èkó. Ìgbà tí koríko ń gbẹ gan-an niṣẹ́ wọn ń pọ̀: ìgbéyàwó oṣù kejìlá, oyè jíjẹ, Kérésì àti ọdún tuntun létíkun, póló lẹ́yìn ìyẹn. Ẹṣin tó wọn nǹkan bíi kìlò 280 ni mo fi ṣe gbogbo ìṣirò, torí pé bí ọ̀pọ̀ ẹṣin ilẹ̀ wa ṣe máa ń tóbi tó nìyẹn. Ẹṣin póló tí wọ́n kó wá láti Ajẹntínà lè wọn kìlò 450, nítorí náà ẹ fi ìwọ̀n ti yín ṣe ìṣirò, ẹ má kàn da iye mi kọ.

Àwọn ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Okùn tó gùn tó mítà méjì, àti tépù
- Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé ẹrù kọ́, èyí tó lè wọn kìlò 25 tàbí 50
- Koríko gbígbẹ tó máa tó oṣù márùn-ún, àti ibi gbígbẹ tẹ́ ẹ máa kó o sí
- Ewé ẹ̀pà tàbí ewé ẹ̀wà gbígbẹ, èyí táwọn Hausa tó ń tà á ń pè ní haràwa
- Ọkà bàbà tàbí àgbàdo, àti eèrí ọkà tàbí dùsà (bí àwọn Hausa ṣe ń pe eèrí)
- Ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò, tàbí ẹ̀wà sóyà yíyan
- Iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀, limestone lílọ̀ táwọn tó ń ta oúnjẹ adìyẹ máa ń ní, àti òróró
- Ìwé kékeré àti bírò
- Nọ́ńbà fóònù dókítà ẹran tó mọ ẹṣin, kì í ṣe adìyẹ nìkan

1. Ẹ wọn ẹṣin náà kí koríko tó gbẹ

Ojú máa ń tan èèyàn. Ẹni tó ń rí ẹṣin lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé ó ń rù, àfi ìgbà tí àlejò bá dé tó ní, "Kí ló ń ṣe ẹṣin yìí?"

Ẹ fi okùn yí àyà rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, kó gba òkè níbi tí gọ̀gọ̀ ti parí. Ẹ dúró kó mí síta kẹ́ ẹ tó sàmì sí okùn. Ẹ wá wọn gígùn rẹ̀ láti egungun tó yọ níwájú èjìká títí dé egungun ìdí lẹ́yìn. Tépù télọ̀ kì í tó, torí 150 sẹ̀ǹtímítà ló sábà máa ń mọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ lo okùn, kẹ́ ẹ wá fi tépù wọn okùn náà lórí ilẹ̀.

Ẹ fi ìyíká àyà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi gígùn ṣe ìlọ́po ohun tó jáde, ẹ wá fi 11,877 pín in. Ká ní àyà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 155, gígùn sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 140. 155 lọ́nà 155 jẹ́ 24,025. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 140, á di 3,363,500. Ẹ fi 11,877 pín in, á ku nǹkan bíi 283. Kìlò tí ẹṣin náà wọn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yẹ ara rẹ̀ wò. Ọ̀gbẹ́ni Don Henneke àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas A&M gbé òṣùwọ̀n kan jáde lọ́dún 1983, láti 1 fún ẹṣin tó ti di egungun dé 9 fún èyí tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ, òun náà làwọn dókítà ẹran ń lò dòní. Ẹ jẹ́ kí tiyín wà ní 5: ojú ò rí egungun ìhà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ẹ máa fọwọ́ kàn án láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ tún fọwọ́ kan ẹ̀yìn èjìká, egungun ẹ̀yìn, ìbàdí àti ìdí ìrù. Ẹṣin tó bá wà nísàlẹ̀ 4, iṣẹ́ tó le kò tọ́ sí i mọ́, oúnjẹ àti ìsinmi ló tọ́ sí i.

Ẹ ṣọ́ra: ikùn ńlá kọ́ ni ara. Ẹṣin tó ń jẹ pòròpórò gíran-ín tí kò ní ewé lára máa ń ní ikùn rọ̀bọ̀tọ̀ nígbà tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gbọnrangandan. Èèyàn á máa yìn ín pé ó yó, ebi sì ń pa á.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa? Ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ kejì, lákòókò kan náà, kó tó jẹun. Tí ìyàtọ̀ bá ju kìlò 10 lọ, okùn ò dúró síbì kan náà, ẹ tún un ṣe. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀.

2. Ẹ rí i dájú pé àìsàn kọ́ ló ń fà á

Tí ẹṣin bá ní aràn tàbí eyín tó mú bí abẹ, owó lẹ̀ ń dà sínú kòtò tẹ́ ẹ bá ń bu oúnjẹ kún oúnjẹ rẹ̀.

Eyín ẹṣin kì í yéé hù, kì í sì í jẹ ara wọn dọ́gba. Etí wọn máa ń mú, á máa gé e lẹ́rẹ̀kẹ́ àti láhọ́n. Ẹ wo ilẹ̀ ibi tó ti ń jẹun: tẹ́ ẹ bá rí koríko tó ti jẹ dà sílẹ̀, tó ṣù bíi bọ́ọ̀lù kékeré, tàbí tẹ́ ẹ bá rí odidi ọkà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ pe dókítà ẹran kó bá yín fi ráspù ha eyín náà. Ó kéré tán, kí ẹnì kan wo ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìparí òjò ló sì dáa jù.

Ní ti aràn, ẹ mú ìgbẹ́ tútù lọ síbi tí wọ́n ti lè kà iye ẹyin aràn tó wà nínú rẹ̀. Tí kò bá sírú ibẹ̀ nítòsí, ẹ lo oògùn aràn tí wọ́n ṣe fún ẹṣin, èyí tí wọ́n ń fún sẹ́nu, kẹ́ ẹ sì fún un gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí wọ́n ń gún màlúù kì í ṣe ohun tá à ń gún ẹṣin. Ojú ibẹ̀ lè wú, kó sì jẹrà.

Ìkẹta ni àìsàn ẹ̀jẹ̀. Ẹṣin tó ń jẹun dáadáa tó sì ń rù, tí ibà ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, tí abẹ́ ikùn tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eṣinṣin tsetse tàbí eégbọn ló kó o ràn án. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Oògùn rẹ̀ ní ìwọ̀n tó há gádígádí fún ẹṣin, nítorí náà kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn màlúù kẹ́ ẹ wá gún fúnra yín.

Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá ti kúrò ńlẹ̀ ni ká tó sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

3. Ẹ kó koríko jọ kí ọyẹ́ tó dé

Ìpele yìí ló máa ń já jù lọ lọ́wọ́ wa. A máa ń dúró dìgbà tí igbó bá gbẹ, tí àwọn ọdẹ sì ti finá sí i, ká tó máa wá ohun tẹ́ṣin máa jẹ. Lásìkò yẹn, ohun tó kù lójú ọ̀nà jẹ́ igi gbígbẹ lásán.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí. Ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́ nílò oúnjẹ gbígbẹ tó tó ìdá 2 sí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́. Fún ẹṣin kìlò 280, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlò 5.6 sí 7. Kìlò 5 nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kó jẹ́ koríko àti haràwa. Láti ìparí oṣù kọkànlá sí ìparí oṣù kẹrin, tí koríko tútù á tó tún sú, jẹ́ àádọ́jọ ọjọ́. Kìlò 5 lọ́nà 150 jẹ́ kìlò 750. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí èyí tó máa dà nù, á jẹ́ nǹkan bíi kìlò 825. Nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ ní haràwa tó tó kìlò 225 sí 250. Tí iye yẹn bá dẹ́rù bà yín, ẹ jẹ́ kó dẹ́rù bà yín ní oṣù kẹsàn-án tí nǹkan ṣì ṣeé ṣe.

Ẹ̀rúwà dára, àmọ́ ẹ gé e kó tó yọ òdòdó, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì pọ̀ ju igi rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tó bá ti sú orí tán, kò ju ohun tí wọ́n fi ń bo ilé lọ. Eèsún náà dáa tó bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí kò tíì ga ju èèyàn lọ. Ẹ ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. Ẹ dúró de ọjọ́ méjì mẹ́ta tí òjò dá, ẹ tẹ́ koríko náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ máa yí i padà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Tó bá ti ń dún ṣàràṣàrà lọ́wọ́, tí àwọ̀ ewé ṣì kù lára rẹ̀ díẹ̀, ẹ dì í, ẹ kó o sórí pákó kó má kan ilẹ̀, lábẹ́ òrùlé tí kì í jò.

Haràwa kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa gé fúnra yín àyàfi tẹ́ ẹ bá ń dáko. Ẹ rà á ní oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kórè ẹ̀pà àti ẹ̀wà, níbi tí wọ́n ti ń ta àgbò. Ní oṣù kẹta, owó rẹ̀ máa ń fò sókè. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tú ìdì kan, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tí eruku funfun tàbí eérú bá ń jáde, tí ó ń rùn bí aṣọ tó bu, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó tà á. Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rá àti wáyà. Àwọn ìdì tí wọ́n kó láti ẹ̀bá ọ̀nà máa ń ní ọ̀rá omi nínú, ọ̀rá kan ṣoṣo sì lè dí ìfun ẹṣin pa.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé koríko yín gbẹ dáadáa? Lọ́jọ́ kẹta àti lọ́jọ́ keje tẹ́ ẹ kó o pa mọ́, ẹ ki ọwọ́ yín bọ àárín òkìtì náà dé ìgbọ̀nwọ́. Ó yẹ kó tutù. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ tú gbogbo rẹ̀ síta lójú ẹsẹ̀, ẹ tún un sá, torí yàtọ̀ sí pé ó máa bu, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

4. Bẹ́ ẹ ṣe máa pín koríko náà lójúmọ́

Kìlò 3.5 koríko gbígbẹ àti kìlò 1.5 haràwa. Ẹ lo òṣùwọ̀n fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí ọwọ́ yín á fi mọ bí kìlò kan ṣe rí, torí ìdì ẹ̀rúwà àti ìdì haràwa tó tóbi bákan náà kì í wúwo bákan náà. Tẹ́ ẹ bá rí eèsún tútù létí odò tàbí fàdámà, nǹkan bíi kìlò 4 rẹ̀ ló máa rọ́pò kìlò 1 gbígbẹ, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni oúnjẹ alẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin máa ń fún un ní koríko ìkẹyìn ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó di agogo mẹ́fà tàbí méje àárọ̀. Wákàtí mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá nìyẹn. Inú ẹṣin kì í yéé sun omi kíkan tó fi ń da oúnjẹ, yálà oúnjẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Tí inú rẹ̀ bá ṣófo ju wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lọ, omi kíkan yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ inú náà fúnra rẹ̀. Egbò inú á yọ, oúnjẹ kò ní wù ú mọ́, á sì máa rù. Nítorí náà, ẹ pín in báyìí: ìdá kan nínú mẹ́rin láàárọ̀, ìdá kan lọ́sàn-án, ìdá méjì tó kù ní agogo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ kó ti alẹ́ sínú àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há kó lè máa fà á jẹ díẹ̀díẹ̀ di òru, kẹ́ ẹ so ó ga tó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má lè há sí i.

Eruku ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Tí ẹṣin bá ń wúkọ́ tó bá ń jẹun, ẹ wọ́n omi sí koríko náà tàbí kẹ́ ẹ rì í sómi fún ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó gbé e fún un.

Létíkun, ẹ má da oúnjẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e sínú báàfù tàbí sórí tapólì. Iyanrìn tó bá ń bá koríko wọlé díẹ̀díẹ̀ máa ń jókòó sísàlẹ̀ ìfun, inú rírun tó ń fà sì le púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ bu ìgbẹ́ rẹ̀ ìkúnwọ́ mélòó kan sínú omi nínú ike tó mọ́ gaara, ẹ pò ó, ẹ jẹ́ kó silẹ̀. Ohun tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ á sọ fún yín.

Tẹ́ṣin méjì bá ń jẹ pa pọ̀, ẹ dúró wò wọ́n fún ìdajì wákàtí. Ọ̀kan sábà máa ń lé èkejì.

Àyẹ̀wò: láàárọ̀, kí ó ṣẹ́ kù bí ìkúnwọ́ kan. Tó bá mọ́ láú, ẹ fi ìdajì kìlò kún ti alẹ́. Tó bá ṣẹ́ igi púpọ̀ kù, koríko náà ló gbó jù, ẹ dín in kù kẹ́ ẹ fi kún haràwa. Ìgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣù, kó rin díẹ̀, kó sì fọ́ tó bá balẹ̀. Èyí tó le, tó kéré, tó ń dán bí ohun tí wọ́n fi òróró pa, àmì pé omi kò tó ni.

5. Omi àti iyọ̀

Ẹṣin tó ń jẹ koríko tútù nígbà òjò ti ń jẹ omi mọ́ oúnjẹ. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹnu wọlé. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ló kéré jù lójúmọ́ fún ẹṣin kìlò 280. Lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́ tó sì làágùn, ẹ pèsè kẹ́ẹ̀gì méjì. Pòròpórò gbígbẹ pẹ̀lú omi tí kò tó ló ń di ìdí inú, tí ń pa ẹṣin láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta.

Ẹ má gbé omi fún un lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kẹ́ ẹ wá gbé báàfù lọ. Kó wà níwájú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kẹ́ ẹ sì máa fọ báàfù náà lójoojúmọ́, torí ẹṣin kì í mu omi tó ní èérí bí àgùntàn ṣe máa ń mu ún.

Iyọ̀ ṣíbí ìjẹun méjì tó tẹ́jú, nǹkan bíi gíráàmù 30, ẹ pò ó mọ́ ọkà rẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá làágùn púpọ̀, ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta. Kàn-ún ò lè rọ́pò rẹ̀, torí kò ní gbogbo ohun tó ń bá òógùn jáde.

Àyẹ̀wò: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ èrìgì rẹ̀. Ó yẹ kó tutù, kó yọ̀, kí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sì padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì.

6. Ọkà: kékeré, lẹ́ẹ̀mẹta

Ìgbà tí koríko bá ti tó ni ọkà tó wúlò. Fún ẹṣin wa yìí, tó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, kìlò 1 ọkà bàbà, ìdajì kìlò eèrí tàbí dùsà, àti gíráàmù 200 ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ti tó lójúmọ́. Ẹ̀wà sóyà lè rọ́pò ẹ̀pà náà, àmọ́ kó jẹ́ yíyan. Tó bá jẹ́ kúlíkúlí lẹ rí, kó má ní ata.

Ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àpò oúnjẹ ẹṣin kéré sí ara rẹ̀; tẹ́ ẹ bá da ọkà tó ju kìlò 1 lọ sí i lẹ́ẹ̀kan, èyí tí kò dà á dé ìfun ńlá láìtíì dà, á kan níbẹ̀, á pa àwọn kòkòrò tó ń sọ koríko di agbára. Inú rírun ló máa ń tẹ̀ lé e, tàbí pátákò tó ń gbóná tí ẹṣin ò fi lè rìn. Ẹ máa fún un ní koríko ṣáájú, kó jẹ ẹ́ fún ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ tó gbé ọkà wá.

Ẹ gbé ọkà bàbà lọ sí ẹ̀rọ kí wọ́n fọ́ ọ sí méjì mẹ́ta, kì í ṣe kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. Odidi rẹ̀ le, púpọ̀ nínú rẹ̀ á kàn gba inú ẹṣin kọjá ni. Lílọ̀ kúnná sì máa ń fún un lọ́nà ọ̀fun.

Ẹ ṣọ́ra fún kóńgò. Kóńgò ọkà bàbà wúwo púpọ̀ ju kóńgò dùsà lọ. Ẹni tó bá ń sọ pé "kóńgò kan láàárọ̀, kóńgò kan lálẹ́" láìwọ̀n ọ́n kò mọ ohun tó ń fún ẹṣin rẹ̀. Ẹ wọn kóńgò oríṣi oúnjẹ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi máákà kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ara ògiri.

Dùsà ló pọ̀ jù tó sì dín owó jù, nítorí náà àwọn kan máa ń fi bọ́ ẹṣin láti oṣù kejìlá dé ìkẹrin. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀, kálísíọ̀mù ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Ara ẹṣin á wá máa yọ kálísíọ̀mù látinú egungun ara rẹ̀: á máa tiro láìsí egbò, egungun ojú rẹ̀ á wú, eyín rẹ̀ á mì. Haràwa ní kálísíọ̀mù dáadáa, ìdí kan nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Tí dùsà bá ju kìlò 1 lọ lójúmọ́ tàbí tí haràwa bá tán, ẹ fi gíráàmù 30 limestone lílọ̀ sí i fún kìlò dùsà kọ̀ọ̀kan, ẹ bu omi díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀ mọ́ oúnjẹ.

Òróró ni mo fẹ́ràn jù fún ẹṣin tó nílò ara láìsí wàhálà ọkà. Agbára tó wà nínú kìlò òróró kan ju ìlọ́po méjì ti ọkà lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí méjì lójúmọ́, ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì títí dé mílílítà 150. Òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà dáa. Epo pupa náà dáa, pàápàá torí pé ó ní ohun tó ń fún ojú àti awọ ní okun, èyí tí koríko gbígbẹ ti pàdánù. Àwọn ẹṣin kan kì í kọ́kọ́ fẹ́ òórùn rẹ̀. Èyí tó ti kan, ẹ dà á nù.

Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí padà, ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán yí i.

Àyẹ̀wò: ẹ tú ìgbẹ́ rẹ̀ wò bóyá odidi ọkà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀ kó tó jáde; kí ọ̀kan má gbóná ju èkejì lọ. Tó bá fi ọkà sílẹ̀ láìjẹ tán, ẹ má pò ó mọ́ ti ọ̀sán. Ẹ kó o kúrò, kẹ́ ẹ wá ìdí rẹ̀.

7. Àwọn ohun tó ń pa ẹṣin nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n

Tí koríko bá tán, èèyàn á máa wá ohun tó bá rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọn wọ̀nyí dán an wò.

Oúnjẹ adìyẹ ló léwu jù. Wọ́n máa ń fi monensin tàbí salinomycin sí púpọ̀ nínú rẹ̀ nítorí àìsàn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ adìyẹ. Adìyẹ á jẹ ẹ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń ba iṣan ọkàn ẹṣin jẹ́, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ẹ má tọ́jú àpò oúnjẹ adìyẹ àti ti ẹṣin pa pọ̀, ẹ má sì lọ ọkà ẹṣin nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi po oúnjẹ adìyẹ tán.

Àgbàdo tó bu máa ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́ gan-an: á máa yí kiri, á máa fi orí gbá ògiri, kì í sì í pẹ́ kó tó kú. Ẹ̀pà tó bu náà ò dáa fún ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n bá kórè ọkà bàbà tán, ìdí rẹ̀ tún máa ń rú ewé tútù ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀, ojú ẹṣin á sì wọ ibẹ̀ torí òun nìkan ló tutù lóko. Májèlé wà nínú ọmọ ewé yẹn. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù bákan náà.

Koríko tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé lágbàlá àwọn ilé ńlá, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá wá bá yín, kí ó má wọlé. Ó ti ń gbóná, ó ti ń kan nínú ọ̀rá náà. Ewé píà náà, kí ẹṣin má jẹ ẹ́.

8. Ọjọ́ iṣẹ́

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n á ti di ẹṣin ní gàárì ní agogo márùn-ún ìdájí, wọ́n á gbé e dúró nínú oòrùn títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò ní jẹ, kò ní mu. Ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ lè gba ohun tẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan fún un. Ẹ gbé àwọ̀n koríko àti kẹ́ẹ̀gì omi dání, ẹ fi àdéhùn sí i pẹ̀lú ẹni tó pè yín pé ẹ máa tú ìjánu fún un láàárín wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó sanwó á gbọ́ tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé.

Kó jẹ koríko díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́, torí koríko inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi kíkan tàn. Àmọ́ ọkà gbọ́dọ̀ ti wọlé ní wákàtí méjì ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ rìn ín títí èémí rẹ̀ á fi wálẹ̀, ẹ fún un lómi, ẹ fún un ní koríko, ó di lẹ́yìn wákàtí kan kí ọkà tó kàn án.

9. Ẹ tún un wọ̀n lọ́sẹ̀ méjì-méjì, títí òjò á fi dé

Ẹ mú okùn àti ìwé yín. Tó bá ti ju kìlò 10 tó sọnù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ṣe é báyìí, kẹ́ ẹ má fo ọ̀kan: ẹ wo omi rẹ̀, ẹ fi ìdajì kìlò haràwa tàbí koríko kún ti alẹ́, tí ọ̀sẹ̀ méjì míì bá tún kọjá láìsí ìyípadà, ẹ fi òróró kún un, lẹ́yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọkà. Tó bá ṣì ń rù, ẹ padà sí ìpele kejì, ẹ dín iṣẹ́ kù. Ẹ má retí kó sanra lọ́sẹ̀ kan. Oṣù méjì kì í ṣe ohun tó pọ̀ jù kí ẹṣin tó rù tó padà bọ̀ sípò.

Òjò àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin máa ń jẹ́ kí koríko tuntun sú ní kíá. Ẹ má tú ẹṣin tó ti ń jẹ koríko gbígbẹ fún oṣù mẹ́rin sínú rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ìdajì wákàtí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tó ti jẹ koríko gbígbẹ, wákàtí kan lọ́jọ́ kẹta, kẹ́ ẹ máa fi kún un títí ọjọ́ kẹrìnlá. Ẹ má tíì kó haràwa tó ṣẹ́ kù tà. Òjò máa ń dá lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹ ó sì nílò rẹ̀.